Ọkọ̀ Pupa Abẹ́ Máńgòrò

Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní.
Ó rẹlẹ̀ bí ajá tó fẹ́ sá tẹ̀ lé nǹkan,
pupa rẹ̀ ti ṣú bí epo tó sùn mọ́ ìkòkò.
Sẹ́líkà ni. Ó ju àkọ́bí mi lọ lọ́jọ́ orí.
Abẹ́ máńgòrò ní Ìsánlú ni mo bá a,
ewúrẹ́ kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Òkun o," ni opó Mẹ́dùpìn wí.
Inú agolo mílíìkì ló ti mú kọ́kọ́rọ́ jáde.
Ó ní Jọ́ọ̀sì ni bàbá ti wà á wá,
lọ́dún tí iléeṣẹ́ awakùsà kógbá sílé.
"Èmi àti àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù,
láàárín ìkòkò àti bẹ́ẹ̀dì.
Òun nìkan ló jókòó sínú èyí,
ó ń fọn fèrè sí wa títí a fi kọjá odò Ọ̀yì."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́.
"Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Mi ò ní dín in."

Mo mú Sálíhù wá láti Kábà,
wẹ́dà tí kì í purọ́ torí pé kì í sọ̀rọ̀.
Ó fi sukudiráfà gún ìdí ilẹ̀kùn:
ó wọlé wọ́ọ́rọ́, bí ìka ṣe ń wọ ẹ̀kọ.
Ó gún abẹ́ ìjókòó. Ó gún ibi táyà ẹ̀yìn.
Irin tó dógùn-ún ń dà sílẹ̀ bí gàrí pupa.
Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì rí ilẹ̀,
ilẹ̀ Ìsánlú gan-an,
àti koríko kan tó ti gba ojú ihò wọlé,
tó nà gbọọrọ sí àyè dẹ́rẹ́bà,
ewé méjì, kò ní láísẹ́ńsì.

Sálíhù nu ọwọ́.
"Ẹ́ńjìnnì yìí le ju èmi gan-an lọ.
Àmọ́ kí ni ẹ fẹ́ so ó mọ́?"

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ewúrẹ́ fò.
Ẹ má bi mí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.
Mo ṣáà di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
iṣu lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ nínú eruku ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀,
tí ọmọ kọngílá kan fi irú ọkọ̀ yìí kọjá lára mi,
tí mo dúró títí eruku náà fi jókòó.

Lálẹ́, òjò dé sí Mọpà.
A gbé báàsì síbi tá a ti máa ń gbé e sí,
a gbé ìkejì síbi tuntun.
Ìbídùn mọ iye tó wà nínú àpótí,
ó mọ ohun tá a torí ẹ̀ tọ́jú u.
"Òrùlé wa náà ti dógùn-ún," ó ní,
"ṣé wàá wà á lọ sí Kábà?"
Mi ò fèsì. Mo ń ka kòtò ọ̀nà yẹn lọ́kàn,
èyí tó gba ewúrẹ́, èyí tó gba màlúù,
mo sì ń wo ikùn ọkọ̀ kékeré náà lórí wọn.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé.
Òjò kọ́ ló jẹ irin yẹn.
Ọdún mọ́kànlá tẹ́nikẹ́ni ò fi aṣọ nù ún ni.

Mo ra páànù.
Káfíńtà kàn án tán, méje ṣẹ́kù.
Ìbídùn ní ká fi bo ilé adìyẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo di méjèèje sórí ọkọ̀ akẹ́rù,
pẹ̀lú òpó mẹ́rin àti ìṣó.
Mo rì wọ́n sábẹ́ máńgòrò, ní Ìsánlú,
mo bo ọkọ̀ pupa náà lórí.
Mo bu omi, mo fọ̀ ọ́.
Mi ò fọwọ́ kan koríko yẹn.

Opó Mẹ́dùpìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, agolo lọ́wọ́.
"Ṣé o ti rà á nìyẹn?"

Òógùn wọ̀ mí lójú.
Mo ní kí wọ́n bá mi bu omi díẹ̀ sí i.